Kí Ni Ọdẹ́wálé Ṣe Gan-an? Àwọn Ọ̀rọ̀ Tí A Lè Fi Jíròrò Eré Àjálù

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin àgbà, mo júbà. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí a fi Sátidé yín gbà, ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé bọ́ọ̀lù wà lórí tẹlifíṣọ̀n, n ò ní pẹ́ jù.

Inú ìbéèrè ọmọ kan ni ọ̀rọ̀ tòní ti yọ. A ń ka The Gods Are Not to Blame, eré Ola Rotimi tó fi ìtàn Oedipus àwọn Gíríìkì wọ aṣọ Yorùbá, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1968. A ti kà á dé òpin. Ọdẹ́wálé, ọba inú eré náà, ti fọ́ ojú ara rẹ̀, ó ti kó àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn, ó ń fi ìlú sílẹ̀. Kíláàsì dákẹ́. Ni ọmọbìnrin kan bá nawọ́ sókè: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni Ọdẹ́wálé ṣe gan-an?"

Kí n tó yanu, ọmọkùnrin kan ti dáhùn lẹ́yìn: "Ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ó pa bàbá rẹ̀, ó fẹ́ ìyá rẹ̀." Òmíràn ní rárá, ìwé atọ́nà tí òun rà ní Kútọ̀ sọ pé àbùkù ìwà ni, pé ó máa ń tètè bínú. Ẹnì kẹta ní, "Ẹ fi sílẹ̀ jàre, kádàrá ni."

Ẹ wo ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn. Ẹni tó mú "ẹ̀ṣẹ̀" dání, ìbéèrè tí yóò béèrè ni pé ṣé ìyà náà tó tàbí ó pọ̀ jù. Ẹni tó mú "àbùkù" dání, á máa wá ìwà ọkùnrin náà kiri bí ẹni ń wá iná lórí. Ẹni tó bá sì ti ní "kádàrá" ti pa ìwé dé, ó ti ń lọ sílé. Eré kan náà ni wọ́n kà. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu oníkálukú ló gbé e lọ síbi tó lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí a jókòó wo àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lónìí. Mi ò wá ka ìwé atúmọ̀ èdè fún yín. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tó lè dé ibi tí àwọn Gíríìkì ń nàka sí, àti pé nígbà mìíràn tiwa tún ń ríran ju tiwọn lọ.

Kí n kọ́kọ́ mú yín dé ilé ọ̀rọ̀ náà. Ní Áténì, ara gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ni àwọn ènìyàn máa ń jókòó sí wòran, ní ìhà gúúsù àpáta ńlá tí wọ́n ń pè ní Acropolis. Àpáta wà lẹ́yìn wọn, agbo eré wà ní ìsàlẹ̀ níwájú wọn. Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta, ẹ ti gbọ́ ohun tí mo ń sọ. Abẹ́ òkúta ni wọ́n ti ń ṣe é. (Mi ò sọ pé Ẹ̀gbá ló kọ́ wọn o. Ẹ má lọ fi mí ṣe ìròyìn.) Ọdún Dionysus, òrìṣà wáìnì, ni wọ́n máa ń ṣe é sí. Akéwì mẹ́ta á fi eré díje, oníkálukú wọn á mú eré àjálù mẹ́ta wá àti eré ẹ̀fẹ̀ kan tí wọ́n fi ń panu. Ọkùnrin ni gbogbo òṣèré, kódà fún ipa obìnrin, gbogbo wọn ló sì ń lo ìbòjú. Òṣèré tó ń sọ̀rọ̀ kì í sábà ju mẹ́ta lọ. Aristotle, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Gíríìkì, ní akéwì Aeschylus ló mú ẹnì kejì wá, akéwì Sophocles ló mú ẹnì kẹta. Nítorí náà òṣèré kan lè jáde bí ọba, kó wọlé, kó pààrọ̀ ìbòjú, kó jáde bí ìránṣẹ́. Ẹni tó bá mọ bí alárìnjó ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀, tí eégún kan ń wọlé bí èyí tó ń jáde bí tọ̀hún, kò ní bi mí pé báwo ló ṣe ṣeé ṣe.

Ẹ kíyè sí orúkọ tí wọ́n fún àwọn ibi tó wà níbẹ̀. Orchestra, èyí tí àwọn òyìnbó sọ di orúkọ ẹgbẹ́ onílù àti onífèrè, ibi ijó ni lọ́dọ̀ àwọn Gíríìkì. Agbo nìyẹn. Ilé tó wà lẹ́yìn agbo, tí òṣèré ń gbà wọlé jáde, àgọ́ ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀. Ibi tí èrò jókòó sí, ibi ìwòran ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Agbo, àgọ́, ìwòran. Èwo ló le nínú rẹ̀?

Orúkọ eré náà gan-an, tragedy, ló ń dà wá láàmú. Lédè wọn, orin òbúkọ ni. Títí di òní ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń jiyàn lórí ohun tí òbúkọ wá ṣe níbẹ̀. J. P. Clark fi orúkọ yẹn dárà ní 1961 nígbà tó pe eré tirẹ̀ ní orin ewúrẹ́. Àwa ò lè máa pè é bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì, ẹ̀rín ni wọn óò fi wá rín. Àwọn kan ń sọ pé eré ìbànújẹ́. Kò burú, ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ pọ̀ nínú ayé tí kì í ṣe eré àjálù. Kí ọkọ̀ yí gbirigbiri lójú ọ̀nà Èkó, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí a rí i, ìbànújẹ́ ni, jàm̀bá sì ni. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ kò ṣe nǹkankan tó fa á. Èmi ń lo "eré àjálù," mo sì mọ àléébù rẹ̀: àjálù ni ohun tó já luni. Ó dà bíi pé ẹni náà dúró sí àyè rẹ̀, tí nǹkan ṣàdédé já bọ́ láti òkè. Nínú eré wọ̀nyí, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni olú ẹ̀dá ìtàn fi ń rìn lọ sábẹ́ ohun tí yóò já lù ú. Ẹ jẹ́ kí a máa lo orúkọ náà, kí a má gbàgbé àléébù rẹ̀.

Mo wá dé ibi tó dùn mọ́ mi jù.

Aristotle, tó kọ ìwé lórí iṣẹ́ akéwì ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn tí Sophocles gbé Oedipus jáde, sọ pé apá méjì ni gbogbo eré àjálù ní. Ọ̀rọ̀ tó lò fún àkọ́kọ́ ni dídì. Èyí tó lò fún ìkejì ni títú. Ó ní láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ibi tí ọ̀ràn ti fẹ́ yí padà ni dídì, láti ibẹ̀ dé òpin ni títú. Ó tún wá fi nǹkan kan kún un tí ọ̀pọ̀ ìwé atọ́nà kì í mẹ́nu bà: púpọ̀ nínú ohun tí a dì ti wáyé kí eré tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ní ìta eré.

Ìlú tí a wà yìí, ṣé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni máa ṣàlàyé dídì àti títú fún wa? Ẹ kọjá sí Ìtòkú lọ́sàn-án yìí. Ẹ wo àwọn ìyá tó ń ṣe adìrẹ oníko. Wọ́n á fi okùn di aṣọ funfun, ní kókó kókó, wọ́n á fà á le. Wọ́n á rẹ ẹ́ sínú aró, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á tún rẹ ẹ́. Títí di ìgbà yẹn, ohun tó wà lọ́wọ́ wọn kò ju òkìtì aṣọ dúdú tó rún pọ̀ lọ. Ẹni tó ń kọjá kò lè sọ irú àrà tó wà níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá jókòó tí wọ́n ń tú okùn lọ́kọ̀ọ̀kan ni òṣùpá ń yọ, tí ìràwọ̀ ń yọ. Títú kò dá àrà kankan. Àrà ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti dì í.

Oedipus nìyẹn. Kí òṣèré àkọ́kọ́ tó yanu, Oedipus ti pa bàbá rẹ̀ ní oríta mẹ́ta, ó ti dáhùn àlọ́ Sphinx, abàmì ẹ̀dá tó ń da ìlú láàmú, ó ti gorí ìtẹ́ ní Thebes, ó ti fẹ́ Jocasta ìyá rẹ̀, wọ́n ti bímọ mẹ́rin. Aṣọ ti jáde nínú aró pátápátá. Láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo tí eré náà fi wáyé, kò sẹ́ni tó pa ẹnikẹ́ni láti fa àjálù náà. Títú ni wọ́n ń tú. Bàbá Fákúnlé, afọ́jú aríran, tú okùn kan nínú eré Ola Rotimi, Àláká tó wá láti abúlé tí wọ́n ti tọ́ Ọdẹ́wálé tú òmíràn, Gbọ̀nká, ìránṣẹ́ ọba àná tí wọ́n gbé ọmọ náà fún pé kó lọ pa, tú èyí tó kẹ́yìn. Olóyìnbó ń lo ọ̀rọ̀ Faransé kan, dénouement, fún òpin eré, tí àwọn ọmọ wa ń há sórí láì mọ ohun tó túmọ̀ sí. Títú kókó ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ dákun, ẹ yé há a sórí. Ẹ lọ sí Ìtòkú.

Bí a bá ti gba dídì àti títú, ìbéèrè tí a óò máa bi eré kọ̀ọ̀kan á yí padà. Ta ló dì í? Ìgbà wo? Èwo ló wà nínú eré, èwo ló ti wáyé kí eré tó bẹ̀rẹ̀? Ta ló ń tú u, ṣé ó mọ̀ pé òun ń tú u? Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ló gbé wa dé ọ̀rọ̀ tó kàn.

Ìránṣẹ́ kan wá láti Kọ́ríńtì. Inú rẹ̀ dùn, ó mú ìròyìn ayọ̀ wá: Polybus, tí Oedipus mọ̀ sí bàbá, ti kú ikú ara rẹ̀. Oedipus mí kanlẹ̀, nítorí pé wọ́n ti sọ tẹ́lẹ̀ pé òun ni yóò pa bàbá òun. Ẹ̀rù ìyá ló kù. Ìránṣẹ́ ní kó fọkàn balẹ̀, obìnrin Kọ́ríńtì yẹn kì í ṣe ìyá rẹ̀, òun gan-an ló gba Oedipus lọ́wọ́ darandaran kan nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, tí wọ́n ti gún ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fẹ́ tu ọkùnrin náà nínú ni. Ọ̀rọ̀ ìtùnú yẹn ló pa á. Àpẹẹrẹ yìí gan-an ni Aristotle fúnra rẹ̀ mú fún ohun tó ń pè ní peripeteia. Àwọn ìwé wa ń pè é ní "ìyípadà." Ó rọ̀ jù. Òjò tó dá náà, ìyípadà ni. Ohun tí Yorùbá máa ń sọ nígbà tí ohun tí a fọwọ́ ara wa ṣe fún rere bá kọjú sí wa ni pé ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Mo ní kí a pè é ní ìbẹ́yìnyọ. Ẹni tó bá gbọ́ "ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ" ti mọ̀ pé ibi tí a kọjú sí kọ́ ni nǹkan gbà jáde.

Èyí tó máa ń bá a rìn ni ìdámọ̀, kí ènìyàn mọ ẹni tí ẹlòmíràn jẹ́, tàbí kó mọ ẹni tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́. Ojú là. Aristotle ní ibi tí eré dára dé òpin ni ibi tí ìbẹ́yìnyọ àti ìdámọ̀ bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bíi ti Oedipus. Ẹ tún fi ọgbọ́n Sophocles sí i: afọ́jú ni Tiresias aríran, òun ló rí òótọ́. Ọba tó ní ojú méjì kò rí i. Ọjọ́ tó rí i ló fọ́ ojú náà. Nínú èdè tí a ti ń sọ pé ojú ẹnìkan là nígbà tó bá gbọ́n, kò sí bí a ṣe máa tú ìran yẹn sí Yorùbá tí kò ní ta ẹ̀jẹ̀ lára olùgbọ́.

Kí ojú rẹ̀ tó là, àwa tó ń wòran ti mọ̀. Gbogbo ará Áténì ló ti mọ ìtàn náà kí wọ́n tó kúrò nílé, gẹ́gẹ́ bí gbogbo Yorùbá ti mọ̀ pé Ṣàǹgó á kúrò ní Ọ̀yọ́ kí Dúró Ládiípọ̀ tó jó wọ agbo. Oedipus dìde láàárín ìlú, ó ṣépè lé ẹni tó pa ọba àná, àti ẹni tó bá fi í pamọ́. Ó ń fẹnu ara rẹ̀ ṣépè lé ara rẹ̀, àwa mọ̀, òun kò mọ̀. Mo ti wá orúkọ kúkúrú fún un títí, n ò rí i. Nígbà tí mo sọ fún kíláàsì pé kí wọ́n máa kọ "àwa mọ̀, òun kò mọ̀" sí etí ìwé ní gbogbo ibi tó bá ti wáyé, wọ́n rí i níbi tí èmi fúnra mi kò tíì rí i tẹ́lẹ̀. Ó gùn lóòótọ́. Ẹ jẹ́ kó gùn bẹ́ẹ̀.

Ó kù díẹ̀ kí n padà sí ìbéèrè ọmọbìnrin yẹn. Ẹ jẹ́ kí n yára mú àwọn kékeré kúrò nílẹ̀.

Àwọn tó ń kọrin tí wọ́n ń jó nínú agbo, méjìlá ni wọ́n tẹ́lẹ̀, wọ́n di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà tó yá. Ẹ má pè wọ́n ní "kọ́áyà," ẹ̀wù funfun ni yóò máa wá sí ọmọ lọ́kàn. A ní lílé, a ní ègbè. Elégbè ni wọ́n. Ẹ má sì rò pé orin nìkan ni iṣẹ́ wọn. Ara ìlú ni wọ́n, wọ́n ń bá ọba sọ̀rọ̀, wọ́n ń bẹ̀rù, wọ́n ń ṣe àṣìṣe. Nínú eré Aeschylus tó dá lórí Agamemnon, ọba ń ké láti inú ilé pé wọ́n ti gún òun pa. Àwọn elégbè, tí í ṣe àgbà ìlú, dúró síta, wọ́n ń sọ èrò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nípa ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe: kí a ké sí ará ìlú, kí a já wọlé, kí a ṣì ní sùúrù ná. Kí wọ́n tó parí ìpàdé, ọba ti kú. Ẹni tó bá ti lọ sí ìpàdé àdúgbò rí á mọ̀ pé Aeschylus kò parọ́.

Ìpànìyàn kì í sábà wáyé lójú èrò. Inú ilé ni wọ́n ti ń ṣe é, ẹnìkan á wá jáde wá rò ó. Aròyìn ni kí a pè é. Ìlú tí Ìwé Ìròyìn ti kọ́kọ́ jáde ní 1859 ní kí ó mọ iyì aròyìn: ohun tí ó bá rò dáadáa máa ń bani lẹ́rù ju ohun tí a fi ojú rí. Wọ́n tún ní ẹ̀rọ kan tí wọ́n fi ń gbé òrìṣà sókè lẹ́yìn àgọ́, kó lè bá wọn parí ẹjọ́ tí ènìyàn kò lè parí. Akéwì Euripides fẹ́ràn rẹ̀. Ibi tí Medea gùn lọ sókè lẹ́yìn tó pa àwọn ọmọ rẹ̀, nínú eré ọdún 431 ṣáájú ìbí Kristi, ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé apànìyàn ló wà níbi tí ó yẹ kí òrìṣà wà. Ipò kẹta nínú akéwì mẹ́ta ni àwọn adájọ́ fi Euripides sí lọ́dún náà. Ẹ̀yin tí wọ́n fún ní máàkì tí kò tó, ẹ gba ìpẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ìwé atọ́nà ti bà jẹ́: hubris. "Ìgbéraga" ni wọ́n ń kọ. Ní Áténì, ohun tí wọ́n lè tìtorí rẹ̀ gbé ènìyàn lọ sí kóòtù ni. Kí o lu ẹnìkan, kí o dójú tì í, nítorí pé ó dùn mọ́ ọ láti rí i nílẹ̀. Ìgbéraga kì í gbé ẹnikẹ́ni dé kóòtù. Ìwọ̀sí ń gbé e débẹ̀. Ẹ fi ìwọ̀sí ka eré Ola Rotimi, kí ẹ wo ohun tí ẹ óò rí. Nínú eré náà, orí oko ni Ọdẹ́wálé ti pàdé àgbàlagbà tí kò mọ̀ rí, tí kò mọ̀ pé bàbá òun ni. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí ilẹ̀. Àgbàlagbà yẹn bú ìlú tó rò pé ó ti wá, ó fi èdè ìlú náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ìgbà yẹn ni ọkọ́ ròkè. Ta ló wá fi ìwọ̀sí lọ ta? Bí a bá ń kọ "ìgbéraga ọba," a ò ní rí i láéláé pé ẹni tó kú ló kọ́kọ́ fi ìwọ̀sí lọ ẹni tó pa á, àti pé ìwọ̀sí náà kì í ṣe ti ara rẹ̀ nìkan, ti ìlú rẹ̀ ni. Ọdẹ́wálé fúnra rẹ̀ sọ ọ́ ní òpin pé ìfẹ́ ìlú òun tó gbóná jù ló gbé òun ṣubú. Ọdún tí wọ́n ṣe eré yẹn ní Ifẹ̀, ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́ ní Nàìjíríà. Kò sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀ tí kò mọ ohun tí wọ́n ń wí.

Kí ni Ọdẹ́wálé wá ṣe gan-an?

Ọ̀rọ̀ Aristotle ni hamartia. Àwọn tó tú Bíbélì lo ọ̀rọ̀ yẹn fún ẹ̀ṣẹ̀, ibẹ̀ ni ọmọkùnrin ẹ̀yìn kíláàsì ti mú tirẹ̀ wá láì mọ̀. Ṣùgbọ́n kí ó tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ ọlọ́fà ni. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọfà kò bá lọ síbi tí a rán an ni. Aristotle sì sọ ọ́ kedere pé ẹni tí eré náà yẹ kò gbọdọ̀ jẹ́ ènìyàn burúkú, àti pé kì í ṣe ìwà ibi ló gbé e ṣubú. Nítorí náà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ àbùkù tó ti wà lára láti ilẹ̀, ọfà kọ́ ló ṣìnà, ọrun ló wọ́. Kì í ṣe ohun tí ó sọ nìyẹn.

Kádàrá ńkọ́? Yorùbá kò fi kádàrá ti ilẹ̀kùn bí ọmọ yẹn ti rò. A ní àkúnlẹ̀yàn, ohun tí o fi ẹnu ara rẹ yàn. A ní àkúnlẹ̀gbà, ohun tí wọ́n fún ọ. A ní àyànmọ́, ohun tí wọ́n yàn mọ́ ọ. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, a tún ní àfọwọ́fà, ohun tí o dé ayé kí o tó fọwọ́ ara rẹ fà. Èdè tó ní ọ̀rọ̀ mẹ́rin báyìí ti ń jiyàn lórí ọ̀ràn náà tipẹ́tipẹ́. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lé Ọdẹ́wálé lórí, ẹ wo èyí tó bá a mu. Ẹ lè fi wákàtí méjì jà lórí ìyẹn, ìjà gidi ni yóò sì jẹ́.

Fún hamartia, mo dá ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, mo sì ti fi ń kọ́ni fún ìgbà díẹ̀: àṣìta. A ní àṣìsọ, a ní àṣìmú, a ní àṣìlò. Àṣìta bá wọn mu. Mo fi ka Oedipus, ó lọ geere. Mo wá fi ka eré tí Wọlé Ṣóyínká, ọmọ Aké níbí yìí, gbé jáde ní 1975 lórí Ẹlẹ́ṣin Ọba, tó ti inú ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní àwọn ọdún 1940 mú jáde. Ibẹ̀ ni ó ti di mí lọ́wọ́. Ọba ti kú, ó yẹ kí Ẹlẹ́ṣin bá a lọ lóru yẹn. Ó ń jó bọ̀ lọ́jà, ó rí wúńdíá kan tí wọ́n ti fẹ́ sílé fún ọmọ Ìyálọ́jà, ó ní òun á fẹ́ ẹ kí òun tó lọ. Wọ́n fún un. Nígbà tí àsìkò tó, ẹsẹ̀ wúwo, òyìnbó aláṣẹ wọlé, wọ́n mú un. Olúńdé, ọmọ rẹ̀ tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà nílùú òyìnbó, ló kú dípò rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń sáré kọ pé "ìforígbárí àṣà òyìnbó àti ti dúdú" ni. Ṣóyínká fúnra rẹ̀ ti kìlọ̀ níwájú ìwé náà pé kí wọ́n má fi irú àkọlé bẹ́ẹ̀ bá òun sọ eré náà di kékeré. Ta ni Ẹlẹ́ṣin ṣì ta? Kò ṣì ẹnikẹ́ni mú fún ẹlòmíràn. Ó mọ ara rẹ̀, ó mọ ọba, ó mọ ọ̀nà. Mo kúkú ń kọ àṣìta síbẹ̀ náà, ó kàn ń há mi lọ́fun.

Lórí ìwẹ̀nùmọ́ tí Aristotle ní eré ń ṣe fún àánú àti ẹ̀rù inú wa, mo ní gbólóhùn méjì péré. Ọmọ oníṣègùn ni Aristotle, ọ̀rọ̀ tó lò jẹ́ ọ̀rọ̀ tí àwọn oníṣègùn ń lò fún fífọ inú. Kí ẹ tó kọ "ìwẹ̀nùmọ́" bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ kọ́kọ́ rántí àgbo tí ìyá yín fún yín mu àti bí ara yín ṣe rí lọ́jọ́ kejì.

Ibí ni mo bá ọ̀rọ̀ mi dé ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà, tí mo ní kí àwọn èrò béèrè ohun tí wọ́n bá fẹ́ béèrè.

Bàbá àgbàlagbà kan dìde ní ìlà kẹta. Ó ti fìlà sọ́wọ́. Ó ní òun ò mọ̀wé, ọmọ-ọmọ òun ló mú òun wá, ṣùgbọ́n ọdẹ ni òun, ọ̀rọ̀ tí tíṣà ń sọ yìí sì jẹ mọ́ iṣẹ́ òun. Ó ní tíṣà ti da nǹkan méjì pọ̀.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé wa."

Ó ní, "Bí ọdẹ bá ta, tí kò bà á, a kì í sọ pé ó ṣìta. Ó tàsé. Ó mọ ohun tó ń ta, ọwọ́ rẹ̀ ni kò gbè é. Bí ó bá ṣìta, ó bà á. Ó bà á dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ìdí igbó, kì í ṣe ẹran ló bá nílẹ̀."

Gbọ̀ngàn dákẹ́. Ọmọbìnrin tó bi mí ní ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn wà níwájú, mo rí i tó ń wo bírò ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Nígbà náà, Ọdẹ́wálé ṣìta. Ẹlẹ́ṣin tàsé."

Bàbá ní òun ò mọ àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹni tó tàsé lè padà sígbó lọ́la. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó tún gbogbo rẹ̀ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ kí àwọn ọmọ lè kọ ọ́ sílẹ̀, èmi náà sì wá ìwé.